Ìkíni Àwọn Èpìyà

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí á fi ọ̀gá ṣe ẹ̀fẹ̀, kó tètè dìde máa lọ, torí ọ̀gá gan-an ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀, mi ò sì ní rọra ṣe é.

Ayé ológun ni, ní ọdún tí gbogbo wa kọ́ bí a ṣe ń tò sórí ìlà. A tò nítorí ṣúgà, a tò nítorí ọṣẹ, a tò nítorí mílíìkì alágolo. Ní Òrè níbí, bí àwọn kan bá ti rí ènìyàn mẹ́ta tó dúró tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á kọ́kọ́ lọ dúró sẹ́yìn wọn ná, kí wọ́n tó wá béèrè ohun tí wọ́n ń tà. Òkú-Èkó, ẹja inú yìnyín tí gbogbo ilé fi ń se ọbẹ̀, ìjọba ní kó má wọlé láti òkè òkun mọ́. Wọ́n ní kí a máa sin ẹja fúnra wa. Bí wọ́n ṣe dá àjọ kan sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Òrè lọ sí Odígbó nìyẹn, tí wọ́n pè é ní Àjọ Ọmọ Ẹja Yanturu. Ọ́fíìsì mẹ́jọ ni àjọ náà ní. Adágún, ẹyọ kan. Wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ ọ́n, inú rẹ̀ sì ni ọmọ èpìyà ẹgbàárùn-ún wà, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Olúrótìmí Dúródọlá ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a pàdé rí, Ọlọ́run ló yọ yín. Ó ga, ó sanra, ikùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì. Ó ní kí wọ́n kọ oyè òun sára ilẹ̀kùn: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Olùdarí Gbogbo Omi, Alákòóso Ohun Gbogbo Tó Ń Lúwẹ̀ẹ́ Nínú Rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò gbà á. Akunlé kọ ọ́ títí ó fi jáde sára ògiri, "Nínú Rẹ̀" sì lọ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, lókè ibi tí wọ́n ń gbé ìgbálẹ̀ sí.

Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn tó ìkíni. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní aago méje àárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti tò sẹ́nu géètì, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Bí ó bá dé orí àtẹ̀gùn, wọ́n á tún un kí, torí ó ní ìkíni ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ìkíni orí àtẹ̀gùn. Bí ó bá jókòó tán, wọ́n á wọlé ní méjì méjì wá kí i kú ìjókòó. Aago mẹ́sàn-án á ti lù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Ní aago mẹ́wàá ọ̀gá á jáde lọ jẹun, gbogbo wọn á sì tún tò láti sin ín dé ẹnu géètì.

Akọ̀wé rẹ̀ tó ń jẹ́ Adéṣínà ló mọ̀ ọ́n kí jù. Adéṣínà yìí a máa dọ̀bálẹ̀ sórí fóònù. Mo fi ojú ara mi rí i: ó gbé fóònù sétí, ó gbọ́ ohùn ọ̀gá, ó sì nà gbalaja sílẹ̀ láàárín ọ́fíìsì, wáyà fóònù fà á lọ́rùn, ó ń sọ pé, "Mo wà nílẹ̀, sà. Mo ṣì wà nílẹ̀, sà."

Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ẹja. Magdalene lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ajue ni, ó sì ti fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ ẹja sísìn kí ó tó dé ibẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ omi. Láràárọ̀, á fi ọwọ́ bu omi adágún, á gbóòórùn rẹ̀. Ó ní àwo tánganran funfun kan tó so okùn mọ́, á sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi. Bí àwo náà bá pòórá lójú rẹ̀ kí ó tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, a jẹ́ pé omi ti ki jù nìyẹn, á sì lọ ṣí páìpù tó ń gbé omi tútù wá láti odò ẹ̀yìn ọgbà.

Ó ní ìdí tó fi ń ṣọ́ àwọn ẹja náà bẹ́ẹ̀. Òun ló lọ dúró níwájú ìjọ Aládùúrà ní Ajue, tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé bí wọ́n bá lè gbẹ́ adágún, òun á kó ọmọ ẹja wá fún wọn kí òjò ọdún náà tó dá. Bàbá Elisha, olórí ìjọ náà, gbà á gbọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbẹ́lẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, pẹ̀lú ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀. Wọn ò ráyè gbin ẹ̀gẹ́ lọ́dún yẹn. Bí ẹja náà bá kú, wọn ò ní ẹja, wọn ò ní ẹ̀gẹ́, Magdalene ni gbogbo wọn á sì máa wò lójú ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi títí láé.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Magdalene gba àyè ọjọ́ méjì lọ wo adágún àwọn ará Ajue. Kò sí ẹni tó rántí ṣí páìpù lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọjọ́ ṣú, oòrùn kò ràn, oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán sì ń rà nísàlẹ̀ omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá gba etí adágún kọjá, ló bá dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Gbogbo ọmọ èpìyà ti jáde sójú omi. Ẹgbàárùn-ún ẹnu kéékèèké kọjú sókè, wọ́n ń là, wọ́n ń pa dé, wọ́n ń là, wọ́n ń pa dé.

"Adéṣínà!" ni ó ké. "Kí ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe?"

Adéṣínà wo ẹja, kò mọ̀. Ó wo ojú ọ̀gá, ó mọ̀.

"Wọ́n ń kí yín ni, sà."

"Wọ́n ń kí mi? Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Ẹ káàárọ̀ ni wọ́n ń sọ, sà. Ẹ wo ẹnu wọn dáadáa. Èyí tó wà níwájú yẹn tiẹ̀ pè yín ní Olóyè."

"Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe olóyè."

"Ẹja ti rí i tẹ́lẹ̀, sà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, omijé bọ́ lójú Dúródọlá. Ó bọ́ fìlà. Ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn: "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ará ilé ńkọ́?" Bí Adéṣínà kò bá rán an létí pé ẹgbàárùn-ún ni wọ́n, ibẹ̀ ni ì bá wà di ìrọ̀lẹ́, tí á máa béèrè ará ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Magdalene dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bí ó ti rí omi, ó ké "Yéè!", ó ju àpò sílẹ̀, ó sáré lọ ṣí páìpù. Omi tútù wọlé, ó ń da púrúpúrú títí di ọjọ́ kejì, ara ẹja balẹ̀, gbogbo wọn sì padà sísàlẹ̀ lọ ṣe tiwọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì yìí gan-an ni ọ̀gá mú ìyàwó rẹ̀ àti ayàwòrán kan láti Òrè wá wo ìkíni. Ó dúró létí omi, ó húkọ́. Kò sí nǹkan kan. Ó tún húkọ́. Ìyàwó rẹ̀ béèrè bóyá ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é.

"Ta ló ba àwọn ẹja mi jẹ́?" ni ó fi igbe ta.

Magdalene kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo ṣí omi fún wọn. Wọn ò kí yín lánàá, sà, atẹ́gùn ni wọ́n ń wá. Atẹ́gùn tí wọ́n ń mí nínú omi ló ti tán."

"Atẹ́gùn nínú omi?" Dúródọlá yíjú sí Adéṣínà. "Ṣé o gbọ́? Ó ní atẹ́gùn wà nínú omi."

"Bóyá fèrèsé náà wà níbẹ̀, sà," ni Adéṣínà wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Magdalene, ìwọ lò ń tì wọ́n. Ìwọ ló ní kí wọ́n má kí mi. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí páìpù yẹn mọ́. Kí ẹ sì sọ oúnjẹ wọn di ìlọ́po mẹ́ta, kí wọ́n lè ní agbára láti kíni dáadáa!"

"Sà, èyí tí wọn ò bá jẹ á rà, á tún ba omi jẹ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, sà, nítorí Ọlọ́run. Àwọn ará Ajue ń retí ẹja wọ̀nyí."

"Kí àwọn ará Ajue wá tò sórí ìlà láti kí mi, wọ́n á rí ẹja."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti páìpù pa. Ẹ wá wo oúnjẹ! Kúlíkúlí gígún, èérí àgbàdo, wọ́n ń dà á sínú omi bí ẹni ń da yèpẹ̀ dí kòtò. Lọ́jọ́ kẹta, àwo Magdalene ń pòórá kí ó tó jìn tó ọrùn ọwọ́. Omi di àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀, ó ń rùn. Àwọn èpìyà sì bẹ̀rẹ̀ ìkíni wọn láti ìdájí, wọn kì í dáwọ́ dúró títí oòrùn á fi ga. Bí ìkíni ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀gá ń sanra sí i. Ó ra fèrè ọlọ́pàá kan, á fọn ọ́n, á ní, "Ẹ kí mi!" Ẹja tó ti ń là ẹnu láti ìdájí ṣì ń là á lọ, ọ̀gá á yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n wo ìgbọràn.

Ìgbà yẹn ló kọ̀wé sí Àkúrẹ́. Ó ní òun ti kọ́ ẹja ní ìwà ọmọlúàbí, irú rẹ̀ kò sí ní ilẹ̀ adúláwọ̀, kí ìjọba rán ẹni ńlá kan wá wò ó. Lóòótọ́, wọ́n dá èsì padà: Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan tó ń bójú tó ètò oúnjẹ yóò dé ní aago méje àárọ̀, ní ọjọ́ mẹ́jọ òní. Ọ̀gá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Adéṣínà dọ̀bálẹ̀ fún lẹ́tà.

Ó wá ku ohun kan tó ń ba ọ̀gá nínú jẹ́. Ní igun kan adágún náà, lábẹ́ páìpù tí wọ́n tì, omi díẹ̀ ṣì ń jò wọlé, tó, tó, tó. Àwọn èpìyà tó wà nítòsí ibẹ̀ ń rí omi tútù díẹ̀, ara wọn sì dá. Bí ọ̀gá bá fọn fèrè, wọn kì í wá sókè. Ìdí ni wọ́n máa ń kọ sí i.

"Ta ni wọ̀nyẹn?" ni ó béèrè lọ́jọ́ kan.

"Ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n, sà," ni Adéṣínà dáhùn.

"A ò lè jẹ́ kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì rí ọlọ̀tẹ̀. Ẹ dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn ni wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ lórí rédíò, ẹni tó ń jẹ ẹ̀kọ á gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ẹ̀kọ á há a lọ́fun. Bí wọ́n bá lè lé ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò ní lé ẹja? Adéṣínà jókòó, ó tẹ lẹ́tà ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀gá bu ọwọ́ lù ú: "Nítorí pé ẹ kọ̀ láti kí ọ̀gá yín, a dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti òní lọ. Kí ẹ kúrò nínú omi ìjọba lójú ẹsẹ̀. Ẹ kò ní gba owó ìfẹ̀yìntì." Wọ́n fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì, wọ́n fún Magdalene ní ẹ̀dà kan, wọ́n sì lẹ ẹ̀kẹta mọ́ ara ògiri adágún, wọ́n kọjú rẹ̀ sí omi kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè kà á.

"Kó wọn dànù," ni ọ̀gá sọ fún Magdalene.

Ẹ ò bá rí ojú obìnrin náà. Ó rọra tẹ orí ba, ó ní, "Ó dára, sà. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí n lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ ni, àbí ojoojúmọ́ ni kí n máa yẹ̀ wọ́n wò?"

"Ojoojúmọ́! Kí o má dá ẹyọ kan sí!"

Ohun tí Magdalene ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ènìyàn, ó fi ẹsẹ̀ kọ páìpù náà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, jíjò rẹ̀ sì le sí i. Lọ́jọ́ kejì ọlọ̀tẹ̀ ti pọ̀ sí i ní igun. Ó ń fi àwọ̀n kó wọn, ọ̀gá ń bu ọwọ́ lu lẹ́tà, Bàbá Elisha sì ń fi pikọ́ọ̀pù tó fi ń kó kòkó gbé kẹ́ẹ̀gì wọn lọ sí Ajue. Kí wọ́n tó jẹ́ kí Bàbá wọ ọgbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá. Àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún! Magdalene wo ibòmíràn. Bàbá dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù lára súùtánà funfun rẹ̀, ó ní, "Níbo ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà wà?"

Nígbà tí wọ́n dé Ajue, Bàbá ń kánjú. "Magdalene ọmọ mi, dà wọ́n sínú omi kí á lọ jẹun."

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Omi yín tutù ju tiwa lọ. Bí mo bá kàn dà wọ́n sí i, ìdágìrì á pa wọ́n." Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sínú adágún kí ara omi méjèèjì lè dọ́gba, ó wá ń bu omi Ajue sí i, ife kan, ó dúró, ife kan, ó dúró. Àwọn ìyá ìjọ jókòó yí i ká, wọ́n ń kọrin. Nígbà tó yá, ó da kẹ́ẹ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ẹja fúnra wọn lúwẹ̀ẹ́ jáde. Wọ́n rì sísàlẹ̀, wọn ò sì kí ẹnikẹ́ni.

Kí ọjọ́ tó pé, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọlọ̀tẹ̀ ti dé Ajue. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ṣì kù tí wọ́n ń kíni, Magdalene kò sì rí oorun sùn nítorí wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò, ọ̀gá tún gbé òmíràn dé: ó ní kí wọ́n fi tapólíìnì bo gbogbo adágún, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìkíni náà ṣáájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì.

Magdalene di ẹsẹ̀ ọ̀gá mú. "Sà, ẹ ṣàánú. Kò ní sí ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní kan omi. Ilẹ̀ ò ní mọ́ bá wọn. Ẹ lé mi lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣí i."

"Fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀," ni Dúródọlá wí. "Ìkíni tìrẹ ti pọ̀ jù lónìí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aago méje lù, jíìpù ológun wọlé. Kọ́nẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbóòórùn, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Dúródọlá ti gorí àpótí. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀:

"Ẹ̀yin Kọ́nẹ́ẹ̀lì wa, ìbọn tó ń rẹ́rìn-ín! Láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá omi, omi kò tíì ní ọ̀gá. Lónìí ó ti ní! Àwọn ọba kan jẹ rí, ènìyàn ló kí wọn. Àwọn ààrẹ kan jẹ rí, ènìyàn ló kí wọn. Èmi Dúródọlá, ohun tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lápá, òun ló ń kí mi! Kí a tó ka ẹ̀ta, ẹ̀yin náà yóò gba ìkíni tí bàbá yín kò gbà rí. Ẹ ká a!"

Wọ́n ká tapólíìnì. Ọ̀gá fọn fèrè.

Gbogbo ojú omi funfun báláú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èpìyà dojú ikùn sókè, wọ́n léfòó, eṣinṣin ti ń bà lé wọn. Magdalene fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?" ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì béèrè.

Dúródọlá wo Adéṣínà. Adéṣínà wo ẹja, ó wo Kọ́nẹ́ẹ̀lì.

"Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún yín ni, sà."

"Ikùn wọn ló wà lókè."

"Nítorí ipò yín ni, sà. Ènìyàn lásán ni wọ́n ń fi àyà dọ̀bálẹ̀ fún. Ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn ni."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì mi orí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Wọ́n káre. Mo ti gbọ́ ìkíni wọn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dìde."

Hà! Dúródọlá kọ́kọ́ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹ dìde." Ó fọn fèrè. "Mo ní ẹ dìde o!" Ó tún fọn ọ́n títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú. Òógùn bò ó. "Bóyá ọ̀wọ̀ yín ló pọ̀ jù lójú wọn, sà," ni ó wí.

"Ọmọ Ìlàjẹ ni mí," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì sọ. "Orí omi ni wọ́n bí mi sí. Ṣé òkú ẹja ni ẹ ní kó wá kí mi láàárọ̀ kùtù? Ta ló ń tọ́jú wọn?"

Magdalene jáde. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kí ó dúró. Ẹkún ló kọ́kọ́ sun. Ó ní, "Ẹja tó bá yọ ẹnu sójú omi láàárọ̀, sà, èémí ló ń wá. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Ó lé lọ́sẹ̀ kan tí wọ́n ti ń bẹ̀ wá."

"Ṣé gbogbo wọn ló kú?"

"Àwọn tó ń kí ọ̀gá ló kú, sà. Àwọn tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ wà ní Ajue." Ó yọ lẹ́tà jáde nínú ìró, ó nà án sí i. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kà á láti òkè délẹ̀, ó sì tún un kà. Àwọn sójà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọjú sí ògiri, èjìká wọn ń mì.

Gbogbo wọn gbéra lọ sí Ajue, Dúródọlá àti Adéṣínà wà lẹ́yìn jíìpù láàárín ìbọn. Nígbà tí wọ́n dé etí adágún, omi dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ẹja kan lójú rẹ̀. Ojú Dúródọlá dán. "Ẹ wò ó fúnra yín, sà! Aláìgbọràn! Wọn ò ní ẹ̀kọ́!" Magdalene bu kúlíkúlí ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fọ́n ọn ká. Lẹ́ẹ̀kan náà ni omi ru, ìrù ń ta, ẹ̀yìn ń yọ, Bàbá Elisha kígbe "Halelúyà!", àwọn ìyá ìjọ gbè é. Kíá, oúnjẹ tán, ẹja rì padà lọ sísàlẹ̀, omi tún dákẹ́.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì béèrè bíírò. Ó fa ìlà lórí ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà náà, ó kọ òmíràn sí i, ó sì fi lé Dúródọlá lọ́wọ́. Dúródọlá kà á, ètè rẹ̀ ń là, ó ń pa dé, ohùn kankan kò jáde: "A dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti òní lọ. Kí ẹ kúrò nínú ọ́fíìsì ìjọba lójú ẹsẹ̀. Ẹ kò ní gba owó ìfẹ̀yìntì." Adéṣínà kò dúró kí ó kà á tán. Ó ti nà gbalaja síwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ó ń pè é ní ìbọn tó ń rẹ́rìn-ín. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kí ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí òun yóò fi padà dé, ó sì wọ jíìpù, ó bá tirẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Nígbà tí oòrùn mú, Bàbá Elisha bu omi fún un mu níbi tó nà sí.

Ẹ̀yin ò wá rò pé ó tán síbẹ̀? Ó ku díẹ̀.

Lọ́dún kejì, ẹja àwọn ará Ajue ti bímọ lé ọmọ. Wọ́n ń wá kó ọmọ èpìyà lọ́dọ̀ Magdalene láti Àgọ́ Aláyé dé Araromi-Obu. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ti rù sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì onígẹdú, ó gbé garawa dání. Dúródọlá ni. Ó ní òun ti gbẹ́ adágún kékeré kan sẹ́yìnkùlé òun ní Odígbó, torí ebi kì í ṣe ọ̀rẹ́ òun. Ó lóṣòó sí etí omi, ó ń wò ó títí.

"Wọn ò mọ̀ mí mọ́," ni ó wí.

"Ara wọn le ni, sà," ni Magdalene dá a lóhùn. Ó ka ogún ọmọ èpìyà fún un, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àwo wo omi, ó kọ́ ọ bí oúnjẹ ṣe gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Ó ní, "Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń kí yín, ẹ sá wá pè mí."

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Magdalene ń gbọ́ igbe kan láti ojú ọ̀nà, ẹnì kan ń sáré bọ̀ ní ẹsẹ̀ lásán, fìlà ti bọ́, agbádá ti há lábẹ́ apá. Àwọn tó ń lọ sí oko ń kí i, "Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ kú ìrìn, sà!" Kò wo ẹ̀gbẹ́ kankan. Ó kàn ń sáré, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu orí.

"Magdalene! Ẹ gbà mí o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá! Wọ́n ti ń kí mi!"

Magdalene gbé garawa omi tútù. "Oúnjẹ wọn ńkọ́, sà? Ṣé ẹ ò fi kún un?"

Ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó la ẹnu, ó pa á dé.

"Díẹ̀ ni," ni ó wí. Wọ́n jọ sáré padà sójú ọ̀nà, àwọn tó ń lọ sí oko tún kí i, kò sì dá ẹnì kankan lóhùn.